Ilé Koríko, Àwòrán Gíláàsì: Bí Solomon Butcher Ṣe Fi Fọ́tò Kọ Ìtàn Custer County

Ní àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Nebraska, ní ẹkùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Midwest, ni Custer County wà. Pápá koríko ni, ó tẹ́ rẹrẹ níhìn-ín, ó di òkè àti àfonífojì lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ kì í sì í dákẹ́ lórí rẹ̀. Igi tí ènìyàn lè rí níbẹ̀ láyé àtijọ́ kò ju ti etí odò lọ. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lónìí kò ju nǹkan bí 10,500 lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe tẹ àárín Amẹ́ríkà dó ní bí 140 ọdún sẹ́yìn, bí ilé wọn ṣe rí, ẹran tí wọ́n sìn, aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń yangàn, Custer County ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ oko kò gbè ni ó ṣe oore yìí fún wa. Solomon Butcher ni orúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ àti àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ín

Àwọn Pawnee ti ń gbé lẹ́bàá odò Platte àti odò Loup fún ọ̀pọ̀ ìran kí àgbẹ̀ kankan tó ti ìlà-oòrùn dé. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹlẹ́gẹ́dé. Wọ́n ń kọ́ ilé róbótó ńláńlá tí wọ́n fi erùpẹ̀ àti koríko bò. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tọkùnrin tobìnrin wọn a jáde lọ dọdẹ ẹfọ̀n. Àwọn Lakota náà ń dọdẹ lórí pápá yìí, ìjà kì í sì í tán láàárín àwọn méjèèjì. Ní 1857, àwọn Pawnee tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí ó kù fún wọn. Àìsàn, ebi àti ogun kò jẹ́ kí wọ́n sinmi lórí ìwọ̀nba tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Láàárín 1873 sí 1876, wọ́n kó lọ sí gúúsù, sí ibi tí ó di Oklahoma lónìí. Ọdún 1877 ni wọ́n dá Custer County sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gágun kan tí àwọn Lakota àti Cheyenne pa lójú ogun ní ọdún tí ó ṣáájú sọ ọ́.

Òfin ti wà nílẹ̀ de àwọn tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lu òfin tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí tí ó jẹ́ olórí ìdílé, lè gba éékà 160 nínú ilẹ̀ ìjọba. Owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tó $20. Ohun tí ó kù ni kí onítọ̀hún gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún márùn-ún, kí ó kọ́lé sí i, kí ó sì dáko níbẹ̀. Obìnrin tí kò lọ́kọ lè gba tirẹ̀. Nígbà tí òfin sì sọ àwọn ènìyàn dúdú di ọmọ orílẹ̀-èdè ní 1868, àwọn náà lè gba tiwọn.

Àwọn olówó màlúù ni ó kọ́kọ́ gba pápá náà lẹ́yìn àwọn Pawnee, ẹran wọn ń jẹ káàkiri. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ní 1878, àwọn ènìyàn Print Olive, ọ̀kan nínú àwọn olówó màlúù náà, so àgbẹ̀ méjì, Luther Mitchell àti Ami Ketchum, rọ̀. Ilé ẹjọ́ dá Olive lẹ́bi ní ọdún kejì. Ìpayà yẹn kò dá àwọn àgbẹ̀ dúró. Ìkànìyàn ọdún 1880 rí nǹkan bí 2,200 ènìyàn ní káúńtì náà. Ti 1890 rí ju 21,000 lọ. Ojú irin dé Broken Bow, olú-ìlú káúńtì náà, ní 1886.

Ilé tí a gé láti inú ilẹ̀

Ibi tí igi kò sí, pákó ti di ọjà olówó ńlá, àwọn tí ń bọ̀ kò sì lówó. Ilẹ̀ tí wọ́n wá gbà ni wọ́n fi kọ́lé. Gbòǹgbò koríko pápá náà ti lọ́ mọ́ra wọn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bí a bá gé e, kì í fọ́. Àgbẹ̀ a fi ohun èlò ìtúlẹ̀ tí ẹṣin tàbí akọ màlúù ń fà gé ilẹ̀ ní ọ̀já gígùn, ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 12, nínípọn rẹ̀ tó íǹṣì 4. Lẹ́yìn náà a fi ṣọ́bìrì gé ọ̀já náà sí búlọ́ọ̀kù tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Wọ́n á da ojú koríko rẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n á tò ó ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ìlà òkè yóò sì máa bo ojú ìpàdé ti ìsàlẹ̀. Ògiri ilé bẹ́ẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Ilé kékeré kan lè gba gbogbo koríko orí éékà kan. Ìlẹ̀kùn, fèrèsé àti igi òrùlé nìkan ni owó ń jáde lé lórí.

Ẹni tí ó ti gbé ilé alámọ̀ rí mọ ohun rere tí ń bẹ nínú irú ilé yìí: oòrùn kò rí inú rẹ̀ gbà, òtútù kò sì tètè wọ ọ́. Ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bo ojú fèrèsé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìyà ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òjò a ti dá lóde tán, òrùlé a ṣì máa kán sílẹ̀ nínú ilé. Erùpẹ̀ ń jábọ́ sínú oúnjẹ, eku ń gbé inú ògiri, ejò sì ń yọ́ wọlé. Àwọn ìyàwó ilé a na aṣọ funfun sábẹ́ òrùlé kí ó lè gba ohun tí ń jábọ́, wọ́n a sì fi eérú tàbí ẹfun rẹ́ ògiri títí yóò fi mọ́lẹ̀. Igi ìdáná kò sí, nítorí náà ṣùkù àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni wọ́n ń kó sínú ààrò.

Ọkùnrin tí oko kò gbè

Ní 1856 ni wọ́n bí Solomon Butcher ní apá ibi tí ó di West Virginia lẹ́yìn náà. Ìpínlẹ̀ Illinois ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ó di alágbàtà tí ń ta ọjà káàkiri. Ní 1880, bàbá rẹ̀ kó ilé wọn lọ sí Custer County láti gba ilẹ̀, Solomon sì tẹ̀ lé e. Ó gba éékà 160 tirẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó fi dá a padà fún ìjọba. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Minneapolis, kò parí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Lillie Hamilton, ó fẹ́ ẹ ní 1882, wọ́n sì jọ padà sí Nebraska. Ó ṣe tíṣà. Ó kó owó díẹ̀ jọ, ó ra kámẹ́rà, ó sì ṣí ilé fọ́tò àkọ́kọ́ ní káúńtì náà. Owó tí ń wọlé níbẹ̀ kò tó bọ́ ìdílé.

Ní 1886 ni ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn. Ó rí i pé ilé koríko wọ̀nyí kò ní pẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá rí owó yóò kọ́ ilé pákó, òjò yóò sì wó èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé yóò kú, àwọn ọmọ wọn kò sì ní mọ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe rí. Ó pinnu láti máa lọ láti oko dé oko, kí ó ya ìdílé kọ̀ọ̀kan níwájú ilé rẹ̀, kí ó gba ìtàn wọn sílẹ̀, kí ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ ní ìwé. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé àsìkò àwọn ń di ìtàn àfi ìgbà tí ó bá ti lọ tán. Òun rí i nígbà tí àgbàdo ọdún yẹn ṣì wà lóko.

Ọdún méje ni ó fi rìn, àwòrán tí ó yà sì ju 1,500 lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà ni ó fi ń kó kámẹ́rà àti gíláàsì rẹ̀. Ní ìgbà náà, orí gíláàsì ni nẹ́gátíìfù ń wà. Ilé iṣẹ́ ti ń ta gíláàsì tí oògùn ti gbẹ sí lójú, nítorí náà kò sí pé onífọ́tò ń sáré po oògùn nínú pápá mọ́. Síbẹ̀, gíláàsì wúwo, ó sì ń fọ́, ojú ọ̀nà kò sì dára. Àwọn onílé a fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, ẹṣin rẹ̀ náà a jẹun. Ohun tí ó ń gbé e kiri nìyẹn.

Ohun tí wọ́n kó jáde

Nínú àwòrán wọ̀nyí, ìta ni wọ́n ti yà èyí tí ó pọ̀ jù, nítorí inú ilé koríko ṣókùnkùn. Ìdílé a wá jókòó síwájú ilé, wọ́n a sì kó ohun ìní wọn jáde. Ojú wọn le koko, kò sí ẹ̀rín, wọ́n sì wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi wọn. Ẹṣin tó dára jù a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìjánu lẹ́nu. A rí ẹ̀rọ ìránṣọ, àgò ẹyẹ, àga tó ń mì, ajá, òdòdó inú agolo lójú fèrèsé. Nínú àwòrán ìdílé Sylvester Rawding, tí wọ́n yà ní àríwá ìlú Sargent ní 1886, tábìlì wà níta, bàrà tútù wà lórí rẹ̀, màlúù kan sì dúró lórí òrùlé lẹ́yìn wọn. Inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n gbẹ́ ilé náà sí, èyí ni màlúù fi lè rìn dé orí rẹ̀.

Ìyàwó David Hilton kò fẹ́ kí ilé koríko rẹ̀ wọnú àwòrán rárá. Ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n ó ní dùùrù kan, ó sì fẹ́ kí àwọn ará rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé dùùrù náà jáde sí àgbàlá, ibi tí àwọn ẹran wà. Wọ́n to ara wọn yí i ká, Butcher yà wọ́n, wọ́n sì gbé dùùrù padà wọlé. Ẹni tó bá wo àwòrán náà mọ ohun tí obìnrin yìí ń sọ fún àwọn ará ilé: a kò tíì kọ́lé tó wù wá, ṣùgbọ́n a kò di ẹni yẹpẹrẹ.

Ní ọdún 1886 kan náà, ó ya àwọn arábìnrin mẹ́rin tí orúkọ bàbá wọn ń jẹ́ Chrisman. Wọ́n tò síwájú ilé koríko kan, wọ́n wọ kaba gígùn, ẹṣin wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lizzie, èyí àgbà, forúkọ sílẹ̀ fún ilẹ̀ tirẹ̀ ní 1887. Lutie ṣe tirẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àbúrò méjì ní láti dúró títí wọ́n fi dàgbà tó. Wọ́n jọ ń gbé ní ilé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni kan má baà máa dá gbé lórí pápá, kí òfin sì rí wọn pé wọ́n wà lórí ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ń rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni ó tẹ ìlú wọ̀nyí dó, kí ó wo ojú àwọn mẹ́rin yìí.

Kì í ṣe gbogbo ilé koríko ni ó kéré. Isadore Haumont, tí ó ti Belgium wá, kọ́ tirẹ̀ ní 1884 sí 1885 ní àríwá Broken Bow. Alájà méjì ni, igun rẹ̀ róbótó bí ilé ìṣọ́, nǹkan bí $500 ni ó ná an. Ilé yẹn dúró títí wọ́n fi wó o ní 1967.

Àwọn dúdú orí pápá

Ní 1887, nítòsí Westerville, Butcher dúró níwájú ilé Jerry Shores. Ẹrú ni wọ́n bí Shores, òun àti Moses Speese, tí ó jẹ́ arákùnrin rẹ̀. Orúkọ wọn kò bára mu nítorí pé orúkọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oko ẹrú ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n jọ wá sí Custer County, wọ́n sì gba ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 1888, Butcher ya ìdílé Speese náà: ènìyàn púpọ̀, ẹṣin, kẹ̀kẹ́, àti fáànù ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí láti fa omi kànga. Àgbẹ̀ tó rọ́wọ́ mú ni ó lè ra irú fáànù bẹ́ẹ̀.

Mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kí ó wo àwòrán méjì yìí dáadáa. Ìgbà kan wà tí wọ́n lè ta àwọn ọkùnrin yìí bí ẹrù. Níhìn-ín, wọ́n jókòó níwájú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́, lórí ilẹ̀ tí òfin fi orúkọ wọn sí, ọmọ wọn sì yí wọn ká, tí ẹnikẹ́ni kò lè tà. Butcher ò yà wọ́n bí ohun àrà. Bí ó ṣe ya aládùúgbò wọn ni ó ṣe yà wọ́n. Nígbà tí òfin 1904 sọ éékà 640 di ti ẹni tí ó bá lè gbé orí ilẹ̀ oníyanrìn ìwọ̀-oòrùn Nebraska, àwọn dúdú mìíràn tẹ DeWitty dó ní 1907, lẹ́bàá odò North Loup ní Cherry County. Wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú náà ti túká nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí ọ̀dá àti ọ̀wọ́n owó kọlu gbogbo àgbẹ̀ Midwest.

Ohun tí kámẹ́rà fi pamọ́

Ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀rí tí fọ́tò jẹ́. Butcher máa ń tọ́ ojú gíláàsì rẹ̀ ṣe. Ibi tí oògùn bá ti bó, ó lè fi yíǹkì ya tòlótòló sí i. Ní 1885, àwọn àgbẹ̀ gé ọgbà wáyà oko màlúù Brighton. Àwòrán rẹ̀ tí ó lókìkí, tí àwọn ọkùnrin fi aṣọ bojú, Butcher ni ó kó wọn jọ ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà pé kí wọ́n ṣe é bí eré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ó ń ṣàfihàn, kì í ṣe àsìkò tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gba eré gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ ni àwọn tí kò sí nínú àwòrán. Àwọn Pawnee ti lọ kí Butcher tó dé. Bí a bá wo àwòrán rẹ̀ nìkan, a ó rò pé orí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ni ni ilé koríko wọ̀nyí ti hù. Mo fẹ́ kí a fi ti Charles Van Schaick lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Butcher. Òun náà ní ilé fọ́tò láti 1879 ní Black River Falls, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Níbẹ̀, àwọn Ho-Chunk tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ṣì wà. Ìjọba ti kó wọn kúrò léraléra, wọ́n sì ń padà wá sí ilẹ̀ wọn léraléra. Wọ́n máa ń wá sí ilé fọ́tò Van Schaick pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ iyì wọn, tàbí aṣọ òyìnbó, bí ó bá ṣe wù wọ́n, wọ́n a ya fọ́tò, wọ́n a sì kó àwòrán lọ sílé. Ní 2011, ìwé kan jáde lórí àwòrán wọ̀nyí. Tom Jones, onífọ́tò tí ó jẹ́ ọmọ Ho-Chunk, wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn Ho-Chunk fúnra wọn ni ó ṣèrànwọ́ láti sọ ẹni tí oníkálukú jẹ́ àti ọmọ ta ni.

Iná, ìwé àti òpin

Ayé àgbẹ̀ ní Custer County kò rọgbọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1888, ìjì yìnyín dé lójijì lẹ́yìn òwúrọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó pa ju 200 ènìyàn lọ káàkiri pápá Midwest, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ọ̀dá dá ní 1890, ó tún dá ní 1894. Àwọn ènìyàn kó kúrò, owó Butcher náà tán, ó sì fi ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1899, iná jó ilé rẹ̀. Gbogbo àwòrán tí ó ti tẹ̀ jáde àti ìtàn tí ó ti gbà sílẹ̀ jóná. Inú àká ni gíláàsì wà. Ìyẹn ni ó kù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtàn náà gbà jọ. Swain Finch, ọ̀kan nínú àwọn olówó màlúù àtijọ́, fi owó ràn án lọ́wọ́, ìwé ìtàn Custer County sì jáde ní 1901. Ó kó lọ sí Kearney ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti ọmọ rẹ̀ ń ya fọ́tò ìlú láti fi ṣe káàdì ìfìwéránṣẹ́: òpópónà, báńkì, ilé ìtajà tí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ ga kí ilé alájà kan lè jọ alájà méjì. Ní 1911 ó gbé gíláàsì rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ìtàn ìpínlẹ̀ Nebraska. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ sí $1,000; $600 ni ó rí gbà. Ó kú ní Greeley, ìpínlẹ̀ Colorado, ní 1927, ó sì gbà pé òun kò rí ayé ṣe.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ lé ní 3,000 gíláàsì, ìlú Lincoln ní Nebraska ni wọ́n wà. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ń wọlé, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kó àwòrán náà sílẹ̀, ohun tuntun sì yọ. Nínú àwọn ẹnu ọ̀nà tí ó ti dúdú kirikiri láti bí 100 ọdún, ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà fi ohun inú ilé hàn: àga, aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Gíláàsì ti gbà wọ́n sílẹ̀ láti ọjọ́ tí Butcher ti yà wọ́n. Bébà ni kò lè fi wọ́n hàn.

Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ni ó rin Midwest kọjá. Ohun tí ó mú Butcher yàtọ̀ ni pé ó béèrè. Ó béèrè orúkọ, ó béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ó béèrè bí ọdún àkọ́kọ́ ṣe rí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí iná jó o, ó tún padà lọ béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Jerry Shores ìbá di ọkùnrin dúdú kan tí a kò mọ̀, Lizzie Chrisman ìbá di obìnrin kan tó di ìjánu ẹṣin mú, a kò sì ní mọ ìdí tí dùùrù fi wà láàárín ẹran. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò àtijọ́ nílé, kí ó kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Orúkọ ni ó ń sọ àwòrán di ìtàn, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lásán, bí ayé kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ayé rẹ̀.